Kí ló wà nínú 250 náírà tí ẹ ní kí ìyá onírẹsì dín?

Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí ní Ọjà Ọba, l'Ádó-Èkìtì: "Ojú owó lẹ pè yẹn, ìyá mi. Mi ò rí i rà bẹ́ẹ̀." Oníbàárà á ṣe bí ẹni tó ń lọ, ọlọ́jà á pè é padà, wọn á sì pàdé láàárín. Nítorí pé wọ́n máa ń peni padà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà pé irọ́ ọjà lásán lọ̀rọ̀ ojú owó, pé 250 náírà tí ìyá náà bá dín, inú èyí tó bù lé e tẹ́lẹ̀ ló ti yọ ọ́, kò dùn ún. Ó dùn ún. Ó dùn ún ju bí 250 ṣe kéré lójú wa lọ, torí pé ọ̀tọ̀ ni iye tí àwa fi ń ná ọjà, ọ̀tọ̀ ni iye tí ọlọ́jà fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ ṣe ìṣirò náà. Àwọn iye tí mo fẹ́ lò, mo ṣà wọ́n kó lè rọrùn láti kà ni; kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ bá onírẹsì jà. Ká ní kóńgò kan ń já sí 2,000 náírà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: iye tó rà á, owó ọkọ̀ láti Ìgbẹ́mọ̀ wọ Adó, owó alábàárù tó gbé e dé ìsọ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni ojú owó. Ẹni tó bá ka iye tó rà á nìkan, tó gbàgbé ọkọ̀ àti alábàárù, ti ń jẹ owó ọjà rẹ̀ kó tó tú ẹnu àpò. Ó wá ń ta kóńgò náà ní 2,500. Èrè 500 nìyẹn.

Ìdá mélòó nínú 100 ni èrè ọ̀hún? Ibí yìí ló ti ń dojú rú fún àtẹni tó ka ìwé àtẹni tí kò kà. Bí ẹ bá gbé 500 lé orí 2,000 tó fi ra ọjà, ìdá 25 ni. Bí ẹ bá wò ó nínú 2,500 tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ìdá 20 ni. Méjèèjì ló tọ̀nà, iṣẹ́ wọn ni kò jọra. Ti àkọ́kọ́ la fi ń dá iye lé ọjà. Ìkejì ló ń sọ fún ọlọ́jà pé nínú 100 náírà tó bá wọ àpò rẹ̀, 20 ló lè fọwọ́ kàn, 80 yòókù ti ọjà ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á rò pé, nígbà tí èrè òun jẹ́ 25, òun lè dín ìdá 25 fún àwọn èèyàn lásìkò ọdún kí òun sì bọ́ sórí ojú owó. Ìdá 25 nínú 2,500 jẹ́ 625. Ó ti ń tà á ní 1,875 nìyẹn. Ó ń fi 125 tirẹ̀ tọrẹ lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúpẹ́ pé ọjà yá.

Ká wá padà sórí 250 wa. Oníbàárà ń wo 2,500, ó rí i pé ìdá 10 péré lòun ní kí wọ́n dín. Ọlọ́jà ń wo 500, ó rí i pé ìlàjì rẹ̀ ti lọ. Ẹ ò dín kọ́bọ̀ nínú ti àgbẹ̀, ẹ ò dín nínú ti awakọ̀, ẹ ò dín nínú ti alábàárù. Àwọn wọ̀nyẹn ti gba tiwọn lọ. Ẹni tó jókòó síwájú yín nìkan ló ru gbogbo ẹ̀dín náà.

Kò sì tíì tán síbẹ̀. Oríṣi ìnáwó méjì ló wà lọ́rùn ọlọ́jà lẹ́yìn ojú owó. Ọ̀kan ń bá ọjà rìn: ọ̀rá tó fi ń di ìrẹsì fún èèyàn, ká pè é ní 50 náírà lórí kóńgò kan. Bí kò bá tà, kò ná an. Èkejì jókòó sójú kan, ọjà yá o, ọjà ò yá o: owó ìsọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọlọ́dẹ, oúnjẹ ọmọ tó ń bá a tajà. Ká ní ìyẹn jẹ́ 45,000 lóṣù. Nínú èrè 500, ọ̀rá ti mú 50, ó ku 450. Á jẹ́ pé 100 kóńgò ló máa tà kó tó rí 45,000 náà san. Títí dé orí kóńgò ọgọ́rùn-ún yẹn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bó bá wá ń dín 250 fún gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń lọ, 200 ló ń kù sí i lọ́wọ́ lórí kóńgò kan, 225 kóńgò ló sì gbọ́dọ̀ tà kó tó dé ibi kan náà.

Mi ò sọ pé kí ọlọ́jà má dín o. Ẹ̀dín máa ń mérè wá bó bá jẹ́ kí ọjà yí kíákíá. Ká ní ìyá wa ń ta 200 kóńgò lóṣù: 450 lọ́nà 200 jẹ́ 90,000, yọ 45,000 kúrò, 45,000 ló kù fún un. Ó wá dín 150 fún tolórí tẹlẹ́mù, 300 ló ń kù lórí kóńgò kan. Bó bá ta 400, á kó 120,000, á yọ 45,000, á rí 75,000. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé ta ni yóò ra 200 kóńgò tó lé yẹn? Kò sẹ́ni tí yóò torí 150 náírà jẹ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀. Ìsọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹnìkejì náà sì lójú nílẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà á dín 150, oníkálukú á padà sórí 200 kóńgò tó ń tà tẹ́lẹ̀, àmọ́ 300 ni èrè orí rẹ̀ báyìí: 60,000, yọ 45,000, ó ku 15,000. Àwọn méjèèjì ti fi ọwọ́ ara wọn sọ 45,000 di 15,000. Oníbàárà ló jẹ ẹ́, ìyẹn títí ọ̀kan nínú wọn á fi kó kúrò lọ́jà. Nígbà náà, ẹni tó bá kù á gbé owó rẹ̀ sókè padà.

Ẹ̀rù ohun tí mo ṣàlàyé yìí ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà máa dá iye lé ọjà, tí wọn á ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà kó relẹ̀ ju báyìí lọ. Àwa tá a ń rà máa ń pè é ní ìlẹ̀dí àpò pọ̀, a ò sì parọ́. Ìgbà tí wọ́n bá fi dènà àgbẹ̀ tó kó ẹrù tirẹ̀ wá láti tà fúnra rẹ̀ ni mi ò lè gbè wọ́n lẹ́yìn mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bí 45,000 ṣe ń di 15,000 á mọ ohun tó ń lé wọn sáré.

Èènì ni ọgbọ́n tó dáa jù tí àwọn ìyá wa fi jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọ nílé ìwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ òwò. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tó bá ń wọn ìrẹsì fún yín. Á bu kóńgò náà kún, á tún da ìrẹsì lé e títí tí orí rẹ̀ á fi ṣóńṣó, á dà á sínú ọ̀rá, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bu ìkúnwọ́ kan sí i, á ní, "Èènì yín nìyí." Ká ní ìkúnwọ́ yẹn jẹ́ ìdá kan nínú ogún kóńgò. Lójú owó, 100 náírà ló ná an. Lójú yín, ìrẹsì 125 náírà lẹ gbà, torí iye tí wọ́n ń tà á lẹ fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀dín 250 ì bá fi 200 sílẹ̀ fún un. Èènì fi 350 sílẹ̀, ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Ohun tó tún mú èènì ta ẹ̀dín yọ ni pé kì í di àṣà tí èèyàn lè fi gbá ọlọ́jà mú. Ẹni tẹ́ ẹ tà fún ní 2,250 lónìí, 2,250 ni yóò mú wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò sì ti sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé iye tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìkúnwọ́ ìrẹsì kò ní iye lára. Ó lè tóbi lónìí kó kéré lọ́la, kò sẹ́ni tí yóò pè é lẹ́jọ́. (Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, ẹjọ́ ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ wọn ọjà, tó tún wá ń bu èènì lé e, ìrẹsì yín ló fi ń ta yín lọ́rẹ.)

Ibi tó ti ń fa ìjà jù lọ ló kù yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni ìjọba tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Nínú oṣù Kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là. Láti ìgbà náà ni gbólóhùn kan ti gbilẹ̀ ní gbogbo ọjà wa: "Ọjà àtijọ́ lèyí, ó ti wà níbí kówó tó gòkè. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ta iye tuntun?" Lójú oníbàárà, olè ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ìyá wa ní 200,000 lọ́wọ́, ó fi ra 100 kóńgò ní 2,000. Ó tà á tán ní 2,500, owó di 250,000. Ó san owó ìsọ̀, ó ra ọ̀rá, ó jẹun, ó san owó iléèwé díẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40,000. Ó ku 210,000. Ó fi 10,000 ju iye tó fi bẹ̀rẹ̀ lọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kọrí sí Ìgbẹ́mọ̀. Wọ́n ní kóńgò kan yóò já sí 2,600 báyìí. 210,000 rẹ̀ ra 80 kóńgò, ó fi díẹ̀ lé. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i, ọjà rẹ̀ ti dín ní ogún. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, ọjà inú ìsọ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, kò sì ní mọ ibi tó ti ṣe àṣìṣe, torí kò sí ọjọ́ kan tó ta ọjà tí kò jèrè lórí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí owó bá ń sáré, ojú owó kì í ṣe iye tá a fi ra ọjà mọ́. Iye tá a máa fi rà á padà ni. Ìyá tó gbé owó ọjà àtijọ́ sókè kò fi dandan jẹ́ olójúkòkòrò. Kó má di pé 100 kóńgò rẹ̀ di 80 ló ń wá.

Ṣùgbọ́n níbi tí èmi àti àwọn ọlọ́jà wa ti ń ta kókó nìyí. Lọ́dún 2025, nígbà tí owó oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú ọjà, ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́nu wọn: "Owó gọbọi ni mo fi rà á, mi ò lè tà á ní iye ìsinsìnyí." Kò ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iye tuntun la ó máa lò nígbà tí owó ń gòkè, ká wá yà sórí iye àtijọ́ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀dùn àdánù ló ń sọ̀rọ̀, ó sì yé mi. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Ìgbẹ́mọ̀ lárọ̀ọ́ yìí pẹ̀lú ẹrù olówó kékeré kò ní dúró dè é. Ọjà tó kùtà lọ́wọ́ ẹni, tí kòkòrò ń bá a jẹ, kò ní iye kankan, bó ti wù kí iye tá a fi rà á pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n máa ń kà nínú ìròyìn. Àjọ tó ń rí sí ìṣirò lórílẹ̀-èdè yìí, NBS, ní ọ̀wọ́n gógó jẹ́ ìdá 34.80 nínú oṣù Kejìlá 2024. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025, wọ́n ní ó di 24.48. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọlọ́jà pé rédíò ní nǹkan ti já, kí ló ṣe tiyín? Lákọ̀ọ́kọ́, ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò àti bí wọ́n ṣe ń wọn ìnáwó wa ni wọ́n yí padà, kì í ṣe pé ọjà ṣàdédé rọ̀ láàárín oṣù kan. Èkejì ni pé ìdá yẹn kì í sọ iye ọjà, eré tó fi ń gòkè ló ń sọ. Bí ohun tó jẹ́ 1,000 bá ti di 1,348, ká ní eré náà wá di 24, ó ṣì ń gòkè lórí 1,348 ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn rọ̀ díẹ̀. Kí owó tó relẹ̀ ju ti èṣí lọ ní tòótọ́, àfi kí ìdá náà bọ́ sábẹ́ òdo.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó máa ń gòkè lójú kedere. Èèyàn kì í sọ̀rọ̀ ọjà l'Ékìtì kó má kan iyán. Nígbà tí iṣu àtijọ́ bá ń tán lọ tí tuntun kò tíì jáde, iṣu á di góòlù. Olóúnjẹ kan ní Òkèsà l'Ádó lè má fi kọ́bọ̀ lé owó òkèlè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀kẹta. Ó mọ̀ pé iye owó ni oníbàárà ń há sórí, kì í há bí iyán ṣe tóbi tó sórí. Lọ́pọ̀ ilé oúnjẹ, iyán gan-an kì í ṣe ibi tí èrè wà. Òun ló ń pe èèyàn wọlé, ẹran àti ohun mímu ló ń san owó iná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ní iyán lásán lẹ fẹ́, ẹran ò wù yín.

Tòmátì ìrọ̀lẹ́ ló ń da àwọn èèyàn láàmú lórí gbogbo rẹ̀: bí onítòmátì bá lè gé owó rẹ̀ sí ìdajì ní agogo mẹ́fà àṣálẹ́, kí ló dé tí onírẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìrẹsì yóò wà lọ́la. Tòmátì tó ti ń rọ̀ kò ní sí. Ojú owó tòmátì náà ti lọ láàárọ̀, kò sí bí ó ṣe lè padà bọ̀, yálà ó tà á tàbí ó dà á nù. Nítorí náà, iyekíye tó bá rí gbà lálẹ́ sàn ju òdo lọ, kì í fi ojú owó díwọ̀n rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni kí àwọn oníbàárà àárọ̀ má bàa kọ́ láti máa dúró di ìrọ̀lẹ́.

Àwìn ńkọ́? L'Ádó tí òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí báyìí, kò sí bí ọlọ́jà ṣe lè sá fún "ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù." Kí ó ṣáà mọ̀ pé kóńgò kan tí wọn ò san, 2,050 náírà ló bá a lọ, èyí tí í ṣe èrè kóńgò mẹ́rin àti ààbọ̀. Èyí tí wọ́n bá sì san lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí owó ń sáré, kì í ra kóńgò kan padà mọ́.

Ẹ̀yin oníbàárà, ìgbà kan wà tí ẹ̀dín yín tọ́, tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ á sì fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ra kóńgò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, lówó lọ́wọ́, ẹ ní kó gbà 2,400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó yín jẹ́ 24,000. Ojú owó jẹ́ 20,000, ọ̀rá ńlá kan 100, ó ku 3,900 fún un. Ìyẹn fi 600 dín sí 4,500 tí ì bá rí bó bá tà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní jókòó tì í fún ọjọ́ méjì, kò ní bá èèyàn mẹ́wàá ná an, owó náà yóò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tó kàn kí iye tuntun tó dé. Bó bá kọ̀, ẹ bèèrè èènì kóńgò mẹ́wàá.